Irin Tí Àbúrò Mi Rà fún Ọrùn Tírélà

Ìyàwó àbúrò mi, fa àga rẹ sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì yìí. Ìwọ náà, oníṣòwò irin, jókòó, má fojú àánú wò mí. Dókítà ti sọ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kò sì gbọdọ̀ bá mi wọlẹ̀. Ìyàwó àbúrò mi, tírélà kọ́ ló pa ọkọ rẹ. Èmi ni.

Ẹ rántí tírélà kékeré tí àbúrò mi ní kí èmi wẹ́dà bá òun ṣe, èyí tí yóò máa so mọ́ ìdí ọkọ̀ rẹ̀ láti fi kó búlọ́ọ̀kù. Páìpù onígun mẹ́rin ni mo fi ṣe férémù, ìyẹn ò burú. Ọrùn rẹ̀, ibi tó ti máa so mọ́ ọkọ̀, ló dìjà. Áńgù ló wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tẹ̀ sí igun. Mo dojú méjì kọra, mo jó wọn pọ̀, mo ha ojú jíjó náà dán, mo kùn ún lọ́dà. Ó wá dà bí páìpù tó nípọn. Ẹ ò rí i pé ọwọ́ mi já fáfá nínú ẹ̀tàn.

Àbúrò mi gbé ṣánẹ́ẹ̀lì lé èjìká dé, irin ńlá oníkòtò tó rà lọ́wọ́ ìwọ oníṣòwò irin. Ó gun ọrùn tírélà, ó fò lẹ́ẹ̀kan, ọrùn náà lọ́. Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gé eléyìí dànù. Èmi àtọmọ mi la máa wà nínú ọkọ̀ yẹn.” Ó rọra sọ ọ́ ni, ṣùgbọ́n oníbàárà mi kan gbọ́, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mí wọra. Mo ní, “Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?” Ó ní, “Ẹ̀yin náà ni. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé áńgù ò ṣeé fi ṣọrùn.”

Nígbà tí oníbàárà lọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gé ọrùn náà fúnra rẹ̀. Mo gbé ṣánẹ́ẹ̀lì tó rà, mo là á mọ́ ọn nípàkọ́. Ó ṣubú. Mo tún là á mọ́ ọn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ta sí mi lẹ́nu. Ìyẹn nìkan kọ́ o. Ó ṣì ń mí. Ó di ọrùn ẹsẹ̀ mi mú, ó ní, “Bọ̀dá, ẹ pe ìyàwó mi.” Búlọ́ọ̀kù tí mo fẹ́ fi dán tírélà wò ti kún inú rẹ̀. Mo fi jáàkì gbé tírélà náà sókè, mo wọ́ àbúrò mi sábẹ́ rẹ̀, mo sì fẹsẹ̀ ta jáàkì náà dànù. Mo gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe fọ́. Ẹranko ni mí.

Mo gbé ṣánẹ́ẹ̀lì pamọ́, mo fi òòlù ṣẹ́ ọrùn náà, mo wá figbe ta pé irin tí ìwọ oníṣòwò irin tà fún un ni mo fi ṣe é, pé òun ló kán. Àwọn ará àdúgbò wọ́ ọ jáde nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbá ọ létí. Nígbà tí wọ́n ń fi òòlù fọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ, èmi ló di ọwọ́ náà mú.

Ìyàwó àbúrò mi, má tí ì dárí jì mí. Ọkùnrin yìí lò ń ṣépè fún láti ọjọ́ náà. Bẹ̀ ẹ́ ná. Sọ fọ́mọ rẹ kó má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rín ẹnikẹ́ni darí ọwọ́ rẹ̀. Mo jó ṣánẹ́ẹ̀lì tí mo fi lù ú mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi, òun ni mò ń dì mú ṣílẹ̀kùn láràárọ̀. Ẹ pe ọlọ́pàá wá gé e kúrò ṣe ẹ̀rí, kí n tó kú.