Alápatà Tí Wọ́n Fi Ẹran Dù

Bàbá Lùkúmàn, ẹ má gbé oúnjẹ wá, n ò wá jẹun, ẹjọ́ Mùlíkátù àbúrò yín ni mo wá fi sùn yín! Ẹ̀yin lẹ fà á lé mi lọ́wọ́, ẹ̀yin náà lẹ ó gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi àárọ̀ ni mo wọ̀ láti Ìkòròdú, mo sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté yín, mo fi ìbínú gun gbogbo òkè yìí, n ò tiẹ̀ dúró kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi ẹran dù mí o! Èmi Fàsásì, alápatà ọmọ alápatà!

Ẹ sáà mọ̀ pé orúnkún mi wú lọ́jọ́sí. Ó wú, ó pọ́n, ó gbóná débi pé aṣọ ìbora ò gbọdọ̀ kàn án. Láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé, ọ̀pá ni. Ni Mùlíkátù bá fà mí lọ sí ọsibítù. Dípò kí dókítà fún mi lóògùn kí n máa lọ, ó ní kí ni mo ń jẹ. Mo ní ẹ̀dọ̀ ni mo fi ń jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀, kíndìnrín lọ́sàn-án, ṣàkì lálẹ́, kí ni alápatà ì bá tún jẹ? Ó ní ẹran yẹn gan-an ni, pé ìdọ̀tí tó ṣẹ́ kù lára ẹran tí mo gbé mì ló lọ jókòó sí oríkèé orúnkún mi, òun ló ń dáná níbẹ̀. Yéè! Ṣé orúnkún ni mo fi jẹ ẹ́ ni?

Láti ọjọ́ náà, ẹran ò kan ẹnu mi mọ́. Ìkókoré lásán, ẹ̀fọ́ lásán, ẹ̀wà tí ẹja inú rẹ̀ ò tó èékánná. Ẹran tí mo dì sínú fìlà pàápàá, Mùlíkátù gbóòórùn rẹ̀, ó gbà á!

Ṣé ìyẹn ló dùn mí jù? Rárá o! Ó wá bá mi ní ìsọ̀, níwájú àwọn oníbàárà, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí bàbá wọn tọ́ ẹran wò o, òun ló mú ẹsẹ̀ wọn wú!” Háà! Àsíátù olóńjẹ wò mí títí, ó ní ẹran tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà á ò lè jẹ, èmi ni kí n lọ sè fún ọmọ ọlọ́mọ? Ó kọjá sọ́dọ̀ Bàdírù. Bàdírù tí mo kọ́ níṣẹ́! Ó ti wá ń sun ẹ̀dọ̀ jẹ lójú mi báyìí, ó ń lá ìka, ó ń pariwo, “Èmi ń jẹ tèmi o!” Wàláì, iṣẹ́ ti ń bọ́ lọ́wọ́ mi lọ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ ránṣẹ́ pè é. Kí ó lọ sọ fún gbogbo ọjà pé irọ́ ni. Kí ó bu ẹ̀dọ̀ fún mi ní gbangba, kí n jẹ ẹ́, kí wọ́n rí mi! Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, èmi àti ẹ̀...

Kí lẹ ń wò? Ọ̀pá wo? Ọ̀pá mi nìyí... ó... àbí inú ọkọ̀ ni mo gbàgbé ẹ̀ sí? Rárá, n ò mú un kúrò nílé. Yéè! Gbogbo òkè yẹn? Pẹ̀lú ẹsẹ̀ yìí? Ẹ yéé rẹ́rìn-ín, Bàbá Lùkúmàn, mo ní ẹ yéé... hà hà hà! Ẹ gbọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Ọlọ́run ṣe é, Mùlíkátù ò gbọdọ̀ gbọ́. Ẹ yá mi ní ọ̀pá kan tí n ó fi tiro wọlé!