Ẹ̀tù Tí Mo Wọ́n Omi Sí

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó tán ná. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀. Ogun náà jà, ó tán, wọ́n sọ pọ́n-ùn di náírà, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ mi ò mọ̀. Pásítọ̀ wa ò mọ̀. Àwọn ọmọ mi rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni mí.

Èmi ni mo fa ohun tó gé ìka ọkọ mi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ayé di ẹ̀bi náà rù. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò tíì tó ogún ọdún, ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mi ò lè fara dà mọ́, ọdún Àjíǹde sì ń bọ̀.

Ajégúnlẹ̀ la ń gbé, kò jìnnà sí Boundary. Ọkọ mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Rẹ̀mí, ń ṣiṣẹ́ fítà nígbà náà ní yáàdì àwọn onílọ́rì kan ní Creek Road. Ọwọ́ rẹ̀ mọ irin. Ṣùgbọ́n ìbọn ló fẹ́ràn jù láyé, bóyá ó jù mí lọ. Kì í tà á. Kò fi pa ẹran rí, torí ẹran wo ló wà l'Ápápá bí kò ṣe eku inú ilé ìkẹ́rùsí? Ó kàn ń fẹ́ ṣe é ni, kó dún, kó gbé e kọ́ ògiri, kó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Àjókù irin lọ́rì, pákó àpótí ọjà láti èbúté, gbogbo rẹ̀ ló ń di ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan wà tó wúwo débi pé ọkùnrin méjì ló ń gbé e. Ó ní ìbọn Òyìnbó ò ju ti òun lọ, orúkọ ló kàn ní.

Lásísì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọmọ ìlú wa ni, Mùsùlùmí, ó ń wa lọ́rì ní Liverpool Road. Tó bá re òkè, òun ló ń ra ẹ̀tù ìbọn bọ̀. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, àwọn méjèèjì á jókòó sẹ́yìnkùlé, ọ̀kan á di irin mú, èkejì á máa lù ú. Kó-kó-kó, títí orí á fi máa fọ́ mi. Ọmọ mi ò lè sùn. Mo bá ọkọ mi sọ ọ́ títí. Ó ní, "Ìyá Rẹ̀mí, àwọn ẹgbẹ́ mi ń mutí, wọ́n ń kó obìnrin. Irin ni èmi ń kó. Kí lo tún ń fẹ́?" Ẹ sọ fún mi, kí ni kí n fèsì?

Ẹ mọ Ajégúnlẹ̀. Ilẹ̀ wa ń sun omi, ògiri ń làágùn. Ẹ̀tù ò sì fẹ́ ọ̀rinrin rárá. Àpótí aṣọ mi nìkan ló gbẹ nínú ilé náà, nítorí bẹ́ẹ̀ èmi ni wọ́n ń gbé ẹ̀tù fún kí n tọ́jú. Inú àdó kékeré ni wọ́n ń rọ ọ́ sí, wọ́n á fi aṣọ wé e. Èmi tí mo kórìíra ìbọn ni olùtọ́jú ẹ̀tù.

Lọ́dún tó ṣáájú ogun ni Bàbá Ọdẹ kú. Àwọn ni olórí àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí ní Creek Road. Ìlú wa ni wọ́n ti wá, ọdẹ gidi tó fi igbó sílẹ̀ wá ṣọ́ ẹrù l'Ékòó. Ọkọ mi ló ń bá wọn tún ìbọn ṣe. Kí wọ́n tó gbé òkú wọn lọ sílé, wọ́n gbọ́dọ̀ yin ìbọn fún wọn lójúlé tí wọ́n ń gbé. Àwọn ọmọ òkú wá bá ọkọ mi, wọ́n ní òun ni kó yin àkọ́kọ́, kó sì jẹ́ ìbọn tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Ẹ wo ayọ̀! Ọkọ mi ò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Ibà dá Rẹ̀mí dùbúlẹ̀, bàbá rẹ̀ ń dán ìbọn. Mo ní kó bá mi gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, ó ní tó bá di ọ̀la. Mo gbé ọmọ pọ̀n, mo dá lọ. Òjò pa wá lọ, ó pa wá bọ̀. Nígbà tí mo dé, òun àti Lásísì ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìnkùlé.

Inú bí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, inú bí mi gan-an ni. Mo sọ nínú ara mi pé, "Ojú á tì ọ́ níwájú àwọn èèyàn rẹ, wàá sì jáwọ́." Láàárọ̀ ìsìnkú, mo ṣí àpótí, mo tú aṣọ ara àdó náà. Mo ti ọwọ́ bọ omi, mo wọ́n ọn sí ẹ̀tù bí ẹni tó fẹ́ lọ aṣọ. Mo rò ó pọ̀. Mo wé e padà, mo gbé e fún un. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mi ò fẹ́ kó ṣèṣe. Ọlọ́run gbọ́. Mo kàn fẹ́ kí ìbọn kọ̀ ni.

Ìbọn sì kọ̀. Èrò kún ojúlé Bàbá Ọdẹ. Ọkọ mi gbé ìbọn sókè, ó pe orúkọ wọn, ó fà á. Ó kàn dún bí ẹni tó pòṣé ni. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Opó Bàbá Ọdẹ ké. Àgbàlagbà kan ní, "Bàbá ò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ o." Mo wo ojú ọkọ mi. Ohun tí mo fẹ́ rí gan-an ni mo rí, kò sì dùn mọ́ mi bí mo ṣe rò.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Ọkọ mi máa ń kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó bá gbé ìbọn wá tún ṣe pé ìbọn tó bá kọ̀, kí wọ́n da inú rẹ̀ nù kí wọ́n tó tún un kì. Mo ti gbọ́ ọ títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. Ṣùgbọ́n ní ìlú tiwa, ìbọn tí wọ́n bá ti fi pe orúkọ òkú ọdẹ, wọn kì í da inú rẹ̀ nù. Ẹni tó bá dà á nù, òkú náà ló dà nù. Ọkọ mi dúró síbẹ̀ níwájú àwọn ọmọ òkú, ó na ọwọ́, ó ní, "Lásísì, fún mi ní tìẹ."

Lásísì yọ ẹ̀tù tirẹ̀ lápò, èyí tó gbé wá fún ìbọn ara rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Rẹ̀mí, ṣé kò ní pọ̀ jù?"

Ọkọ mi ní, "Ìbọn tí èmi ṣe ni. Á gbé e." Ó ki tuntun lé ti tẹ́lẹ̀.

Mo la ẹnu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mo la ẹnu. Ṣùgbọ́n tí mo bá pariwo pé kó da ti tẹ́lẹ̀ nù, wọ́n á béèrè ohun tí mo mọ̀ pé ó ṣe é. Mo pa ẹnu dé.

Ìbọn náà dún. Páànù ilé mì. Èéfín bo ojú gbogbo wa, ará Wáfì tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló kọ́kọ́ kígbe, "Mama Remi, your oga hand o! Gun don burst!" Nígbà tí èéfín lọ, mo rí ọkọ mi lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wo ọwọ́ òsì rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Àtàǹpàkò nìkan ló ṣẹ́kù síbẹ̀.

Wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Èmi bẹ́ ẹ. Ariwo ẹ̀yìnkùlé dákẹ́, iṣẹ́ fítà sì lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀gá yáàdì ní kí ọkọ mi máa ṣọ́ géètì. Ẹni tó ń tún lọ́rì ṣe di ẹni tó ń ṣí géètì fún un.

Wọ́n pe Lásísì sí pálọ̀ onílé wa. Wọ́n ní ẹ̀tù inú àpótí mi kàn kọ̀ ni, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ti inú àpò Lásísì ló bú gbàmù. Wọ́n ní ó ra ẹ̀tù adàlú, èyí tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta. Lásísì fi Kùránì búra. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ̀tù kan náà ni. Ojú yín ni mo ṣe pín in. Ẹ bá mi sọ fún wọn."

Mo ní mi ò mọ nǹkan kan nípa ìbọn. Gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò kí ara wọn mọ́. Lásísì kó kúrò ládùúgbò. Ní gbogbo Iléyá, ìyàwó rẹ̀ á gba ẹ̀yìnkùlé gbé ẹran wá fún mi, torí ọkọ mi ti ní ẹran Lásísì ò gbọdọ̀ wọ ilé òun. Mo ń gbà á, mo ń sè é, mo ń ní ọjà ni mo ti rà á. Ọkọ mi á jẹ ẹ́, á ní ẹran yìí mà dùn o. Èmi ò jẹ nínú rẹ̀ rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Lásísì wá fúnra rẹ̀. Orí rẹ̀ ti funfun. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọkọ mi. Ó ní, "Bàbá Rẹ̀mí, mo ti rò ó títí, ó ti rẹ̀ mí. Ó lè jẹ́ pé lóòótọ́ ni ẹ̀tù mi ò dáa. Èmi ni mo jẹ̀bi. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ọkọ mi bú sẹ́kún. Ó ní, "Ohun tí mo ń dúró dè láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ẹni tó bá ti jẹ́wọ́, mi ò lè bá a jà mọ́." Wọ́n dì mọ́ ara wọn, àwọn ọmọ wa ń pàtẹ́wọ́. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú omi tí mo bù fún àlejò, ó ń dà sí mi lẹ́sẹ̀.

Lásísì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní ìyàwó òun ti sọ fún òun pé mo máa ń gba ẹran. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ̀yin nìkan lẹ ò kọ̀ mí."

Wọ́n ti padà sẹ́yìnkùlé báyìí. Lásísì ló ń ṣe ọwọ́ òsì ọkọ mi. Ó ń di irin mú, ọkọ mi ń fi ọ̀tún lù ú. Kó-kó-kó. Orí ò fọ́ mi mọ́, ọkàn ló ń já mi ní gbogbo ìgbà tí òòlù bá ró. Wọ́n ní àwọn jẹ Bàbá Ọdẹ ní ìbọn kan. Tí a bá lọ sílé fún ọdún Àjíǹde, ojú oórì wọn ni àwọn ti máa yìn ín, ọkọ mi ni yóò sì fà á.

Lánàá, Lásísì ti òkè dé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àdó ẹ̀tù fún mi níwájú ọkọ mi. Ó ní, "Ẹ bá wa tọ́jú ẹ̀. Ibi tó máa ń wà náà ni kó wà." Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí olùtọ́jú ẹ̀tù tó dà bí Ìyá Rẹ̀mí. Ó ti wà nínú àpótí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ṣí i wò láàárọ̀, mo tún ṣí i wò lọ́sàn-án. Ó gbẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá sọ, ọkọ mi á mọ̀ pé ìbínú mi ló jẹ ìka òun, ilé mi lè tú ní ọjọ́ ogbó. Tí mi ò bá sọ, Lásísì á gbé ẹ̀bi mi wọ sàréè, á sì tún máa kí mi pé mo ṣeun. Ọkọ mi ní ẹni tó bá ti jẹ́wọ́, òun ò lè bá a jà mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ìyàwó rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Àjíǹde ò jìnnà mọ́. Èmi ni màá ṣí àpótí láàárọ̀ ọjọ́ náà, èmi ni màá gbé ẹ̀tù lé e lọ́wọ́ kan tó kù ú kù, ó sì tún máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn, ṣé kí n sọ ọ́ kó tó dúpẹ́?