Òróró Tí Mo Dà Sínú Ìgò

Ẹ̀yin ará ìjọ mi, oṣù mẹ́jọ nìyí tí ẹ ti ń bá mi kẹ́dùn ọmọ mi obìnrin. Ẹ dákun, ẹ dá ìkẹ́dùn náà dúró títí ẹ ó fi ka ìwé yìí tán. Òtítọ́ tí mo gbé mì kò dúró nínú mi mọ́.

Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù oògùn mi ni mo ti ń po omi tí wọ́n ń rọ sínú sìgá oníbátìrì, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní fépù. Atúnfóònù-ṣe tó wà ní òdìkejì títì ló ń bá mi tà á. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kì í rà á láìdorí ìgò kodò, kí wọ́n wo afẹ́fẹ́ róbótó inú rẹ̀. Bó bá rọra gòkè, ojúlówó ni. Tèmi ń sáré gòkè. Atúnfóònù-ṣe fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní, "Alàgbà, ṣé omi ìrìbọmi lẹ rọ sínú eléyìí ni?" Ni mo bá mú òróró fítámínì tí mo ń tà fún àwọn tí awọ ara wọn ń gbẹ, mo dà á sí i kí ó lè ki. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ìgò òróró náà pé ara nìkan ni kí a fi pa. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo lọ. N kò lè sọ pé n kò mọ̀wé kà.

Ikọ́ ló kọ́kọ́ ṣe ọmọ mi. Nígbà tó yá, kò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa láìjókòó sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọsibítù, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ funfun nínú fọ́tò àyà tí wọ́n yà fún un bí ẹni da wàrà sí i. Òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba kan wá pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, ó ní àwọn mẹ́rin mìíràn ti dé pẹ̀lú irú àìsàn yìí. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó máa ń fa fépù? Bí ẹ bá rí ìgò kankan nínú ẹrù rẹ̀, ẹ mú un wá. Bí a bá mọ ohun tó fà, dókítà á mọ oògùn tó yẹ."

Ìgò náà wà nínú àpò ṣòkòtò mi. Abẹ́ ìrọ̀rí ọmọ mi nílé ni mo ti rí i láàárọ̀, pẹ̀lú ìkọ̀wé ọwọ́ mi lára rẹ̀.

Mo ní, "Ọmọ mi kì í fa nǹkan kan. Ọmọ ìjọ ni."

Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìlera náà lọ, ọmọ mi yọ ìbòmú ọ́síjìn. "Bàbá mi, mo dá ìkọ̀wé yín mọ̀ lára ìgò yẹn. Ìdí tí mo fi rà á nìyẹn. Mo ní tiyín ò lè ṣèèyàn ní nǹkan kan."

Mo rọra dá ìbòmú náà padà sí i nímú. Mo ní, "Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ọjọ́ kẹta ló kú.

Láàárọ̀ òní, mo gbé ìgò náà lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, pẹ̀lú èyí tó kù lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ̀yin òbí àwọn mẹ́rin yẹn, ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, n kò ní bá yín jà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí òṣìṣẹ́ ìlera bá bi yín ní ohun tí ẹ fà sínú, ẹ sọ ọ́, bí bàbá yín tilẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tó ní kí ẹ dákẹ́.