Ẹṣin Tó Dúró sí Mọ́kànlélọ́gọ́ta

[Ọ̀sán Sátidé, ní abúlé kan lẹ́yìn ìlú Taraz. Ulbosyn, ìyá àgbà ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, dúró sí àgbàlá, ó ń pe Togzhan, ọmọ ọmọkùnrin rẹ̀, ní Almaty. Àgùntàn kan ń ké nítòsí.]

Ulbosyn: Togzhan, ọmọ mi, ṣé o ti jí? Ṣé o ti jẹun? Ṣé ara le? Ó dáa. Gbọ́—

Togzhan: Ẹ káàsán, Ìyá àgbà. Aago méjì ti lù, ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí ní—

Ulbosyn: Mo ní gbọ́. Ṣé o gbọ́ mi?

Togzhan: Mo ń gbọ́ yín.

Ulbosyn: Nǹkan tó o bá mi rà yẹn kò rìn.

Togzhan: Nǹkan wo?

Ulbosyn: Géèmù ẹṣin. Ó jókòó sí mọ́kànlélọ́gọ́ta bí ìyàwó tó ń bínú. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, kò yíjú.

Togzhan: Mọ́kànlélọ́gọ́ta páàsẹ́ǹtì? Látọjọ́rú?

Ulbosyn: Ohun témi náà ń sọ nìyẹn. Nígbà tó jẹ́ síídì, o kàn tì í bọ ẹ̀rọ lẹ́nu, ó gbé e mì, kó o tó bu tíì tán, ẹṣin ti ń sáré. Dáńlóòdù tiyín yìí, àfi kéèyàn máa ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ màlúù tó fẹ́ bí.

Togzhan: Ẹ̀yin lẹ pariwo mọ́ mi lórí pé ẹ ò fẹ́ síídì mọ́. Ẹ ní kí n ra èyí tẹ́nìkan ò lè gbé lọ.

Ulbosyn: Mo sọ bẹ́ẹ̀. [Ó ń rẹ́rìn-ín.] Ẹnu kan náà ló sọ ọ́. Ẹnu kan náà ló gbé síídì fún Dauren.

Togzhan: Dauren wo? Dauren oníṣègùn eyín?

Ulbosyn: Dauren mélòó la bí? Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin. Ó wá kí wa láti Atyrau. Mo bọ ẹran, mo da tíì, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé jien lọ́kùnrin náà, ọmọ tí ọmọbìnrin mi bí, tó lẹ́tọ̀ọ́ láti mú ohun tó bá wù ú nílé wa. Ó jẹun tán, ó nu ẹnu, ó ní, “Ìyá àgbà, mo fẹ́ gba ẹ̀tọ́ mi.”

Togzhan: Ẹ kúkú—

Ulbosyn: Dákẹ́, kò tíì dé ibi tí mo ti ya dìndìnrìn. Mo ní, “Kí la ní nílé yìí tá a máa fi dù ọ́? Bó bá ṣe ẹṣin, tú u.” Mo na apá báyìí, bí ìyàwó ọba. Ọkàn mi ni pé àgùntàn ló máa mú.

Togzhan: Ó mú síídì.

Ulbosyn: Ó na ìka sí abẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Onírùngbọ̀n, tó láya nílé. Àgùntàn méjìlá ń bẹ lọ́gbà, síídì kan ṣoṣo ló rí. Ó yọ ọ́ nínú ike rẹ̀, ó tì í sápò, ó gbàgbé ike náà síbẹ̀.

Togzhan: Ṣebí ẹ lè sọ pé rárá.

Ulbosyn: Ta ni í sọ rárá fún jien? Ọmọ ìlú ńlá yìí. Ṣé o ò mọ̀ pé ẹni tó bá na ọmọ ọmọbìnrin, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n títí ayé? Ẹni tó bá sì dù ú ní nǹkan ńkọ́, ta ló mọ tirẹ̀? Mo ní èyí tó ń gbọ̀n nílé yìí tẹ́lẹ̀ náà ti—

[Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń há.]

Togzhan: Kí lẹ ní? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ulbosyn: Mi ò ní nǹkan kan. Àgùntàn ló ké.

Togzhan: [Ó ń rẹ́rìn-ín.] Ìyá àgbà, ẹ má bínú. Géèmù ló ń dà yín láàmú tó báyìí? Bàbá mi ní ẹ ti padà di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Gbogbo ẹbí ló ń fi yín ṣẹ̀rín.

Ulbosyn: Kí wọ́n máa rín. Ẹ̀yìn mi gbòòrò, á gba gbogbo wọn jókòó.

Togzhan: Èyí tí mo rà yìí náà, orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀. Dauren ò lè gbé e, àmọ́ ẹ̀yin náà ò lè yá ẹnikẹ́ni, ẹ ò sì lè tà á.

Ulbosyn: Áà. Mi ò lè fọwọ́ kàn án, kì í ṣe orúkọ mi ló ń jẹ́, kò sì tíì dé. Ẹṣin ojú àlá ni mo rà.

Togzhan: Ẹ fi sílẹ̀ fún tòní. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ̀yin àti Bàbá àgbà jọ mu tíì—

Ulbosyn: Bàbá àgbà rẹ ló di páàdì géèmù mú láti òwúrọ̀.

Togzhan: Kí ni Bàbá àgbà ń fi páàdì ṣe?

[Ìró ilẹ̀kùn ọgbà. Ohùn Ulbosyn wálẹ̀.]

Ulbosyn: Bó o bá sọ fún bàbá rẹ, mi ò ní bá ẹ sọ̀rọ̀ mọ́.

Togzhan: Ìyá àgbà, irọ́ nìyẹn.

Ulbosyn: Irọ́ ni. Má ṣáà sọ ọ́. Èmi ò mọ géèmù yẹn gùn. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo dán an wò, mo gun ẹṣin wọ odò, ẹṣin kú, èmi náà kú. Òun ni.

Togzhan: Bàbá àgbà ló ń—

Ulbosyn: Látìgbà tí àrùn ti rọ apá ọ̀tún rẹ̀, nọ́ọ̀sì ní kó máa fún bọ́ọ̀lù rọ́bà. Ó jù ú fún ajá. Ẹni tó fi ogójì ọdún da ẹran lórí ẹṣin, ṣé bọ́ọ̀lù ló máa wá fún? Àmọ́ tí ẹṣin orí tẹlifíṣọ̀n bá fẹ́ fo odi, Togzhan, àtàǹpàkò rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́. Ó ń gbọ̀n, àmọ́ á tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó fọwọ́ ara rẹ̀ di bọ́tìnì ẹ̀wù.

Togzhan: Kí ló dé tẹ́ ẹ ní ẹ̀yin lẹ ń ṣe é?

Ulbosyn: Ojú ń tì í. Ó ní wọ́n á ní Seydakhmet ti ń ṣeré ọmọdé. Mo ní kò burú, èmi ni mò ń gùn ún. Wọ́n ti mọ̀ mí sí wèrè tẹ́lẹ̀, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi kún un? Ṣé o gbọ́ mi?

Togzhan: Mo gbọ́ yín.

Ulbosyn: Látìgbà tí Dauren ti lọ, ìka rẹ̀ ti ń ká padà. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó kàn gbé ike òfìfo yẹn sórí itan, á ṣí i, á pa á dé.

Togzhan: Ẹ jẹ́ kí n pe Dauren, kó fi ránṣẹ́—

Ulbosyn: Ohun tí jien bá mú, a kì í gbà á padà. Á sì bi ọ́ nídìí, kí lo máa sọ?



Togzhan: Ó dáa. Ẹ sọ fún mi. Ṣé kò tiẹ̀ rìn rárá ni?

Ulbosyn: Ó ń rìn tí mi ò bá sí ńbẹ̀. Láàárọ̀ mo lọ fún wàrà, kí n tó dé, ó ti kúrò ní mẹ́rìnléláàádọ́ta dé méjìdínlọ́gọ́ta. Inú mi dùn, mo pe Rysty àbúrò mi, mo ròyìn fún un. Ó dúró gbọn-in. Mo lọ yan búrẹ́dì, ó dé mọ́kànlélọ́gọ́ta. Mo pe Qalampyr aládùúgbò wa, mo ròyìn. Ó tún dúró. Ni mo bá mọ̀ pé ojú ni.

Togzhan: Ojú wo?

Ulbosyn: Ojú ayé. Mo ti ń polówó rẹ̀ jù. Mo jó ewé adyraspan tí í lé ojú burúkú, mo fi èéfín rẹ̀ fín ẹ̀rọ náà níwájú lẹ́yìn. Bàbá àgbà rẹ húkọ́ títí.

Togzhan: Ẹ fín ẹ̀rọ géèmù?

Ulbosyn: Ìwọ náà ni mo fín nígbà tó o wà lọ́mọ ọwọ́, o sì ń rìn.

Togzhan: Ìyá àgbà, íńtánẹ́ẹ̀tì wo ni ẹ̀rọ náà ń lò?

Ulbosyn: Tinú fóònù. Àgùntàn yìí ti jẹ wáyà àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ gbé síbí. Mo tan họ́sípọ́ọ̀tù, bó o ṣe kọ́ mi, mo sì ń pa á lálẹ́ kí bátìrì lè sinmi.

Togzhan: Fóònù wo?

Ulbosyn: Fóònù mélòó ni mo ní? Èyí tó wà létí mi.

[Togzhan fọwọ́ lu iwájú orí.]

Ulbosyn: Ṣé o gbọ́ mi?

Togzhan: Ìyá àgbà. Ní abúlé yín, tí fóònù bá ń gbé ọ̀rọ̀, dátà á dúró. Kò lè gbé méjèèjì pọ̀.

Ulbosyn: Dúró ná. Ṣé ohun tó ò ń sọ ni pé ẹnu mi ló ń jẹ géèmù?

Togzhan: Àwọn wo lẹ ti pè látọjọ́rú?

Ulbosyn: Rysty nìkan. Àti Qalampyr. Àti Rysty. Àti àwọn oníléeṣẹ́ fóònù, mo fi wákàtí kan bá wọn jà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ò dáa. [Ó bú sẹ́rìn-ín.] Ẹnu mi. Ẹnu mi ni àìsàn ilé yìí. Ó fún Dauren ní síídì, ó tún gbógun ti dáńlóòdù.

Togzhan: Ẹ rọra, Bàbá àgbà á gbọ́. Ẹ pa ìpè yìí báyìí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí fóònù wà ní títàn. Wákàtí mẹ́ta péré, ẹ má pe ẹnikẹ́ni.

Ulbosyn: Wákàtí mẹ́ta? Ọjọ́ ìgbéyàwó mi nìkan ni mo dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀, aṣọ ni wọ́n fi bò mí lójú.

Togzhan: Ìyá àgbà—

Ulbosyn: Mo fẹ́ pa á. Jẹ́ kí n kàn sọ ti Rysty fún ẹ, kékeré ni. Àna rẹ̀ tó ń gbé Shymkent—

Togzhan: Ẹ pa á.

Ulbosyn: —ló ra ràkúnmí, àṣé ràkúnmí náà—

[Ìró ọ̀pá ìtilẹ̀ lórí òkúta àgbàlá.]

Ohùn ọkùnrin: Ulbosyn.

Ulbosyn: Háà. O sọ̀rọ̀. Togzhan, ó sọ̀rọ̀.

Seydakhmet: Gbé e wá.

Ulbosyn: Má fà á lọ́wọ́ mi, ọmọ rẹ ni, Togzhan ni, mo fẹ́ pa á báyìí—

Togzhan: Ìyá àgbà? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ulbosyn: Ó ń wá ibi pupa tí wọ́n ń tẹ̀. Ó ṣì í. Ó tún— dúró, Togzhan, ọwọ́ ọ̀tún ni. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń—

[Ìpè já.]