Aago Tí Kò Mọ Ìdọ̀bálẹ̀

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Woolwich lọ sí Thamesmead, bàbá kan ń fi aago ọwọ́ rẹ̀ han ọkùnrin tó jókòó tì í.

"Ọmọ mi obìnrin ló rà á. Tí mo bá ṣubú, aago yìí á pè é lórí fóònù."

"Ó mà dáa o, Daddy."

"Gbọ́ ná. Lánàá, mo pàdé ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní Nathan Way, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kí n tó dìde, aago ti ránṣẹ́ pé mo ti ṣubú!"

"Ha!"

"Ọmọ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Shooters Hill, ó fi ẹkún wọ taxi. Ìgbà tó máa dé, èmi àti àna mi ń rẹ́rìn-ín."

Ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Aago òyìnbó ò mọ ìdọ̀bálẹ̀! Ẹ bọ́ ọ jàre."

"Kí n bọ́ kí ni? Ọmọ tí mi ò fojú kàn láti Easter! Ó bá mi délé, ó tẹ ẹ̀bà fún mi, a jọ jẹun."

Bàbá bo aago náà mọ́ abẹ́ kóòtù rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Mo ṣì ní àna ní Woolwich Dockyard tí mi ò tíì lọ kí."