Góòlù Àbíbù Tó Gbé Mi Dé Bẹ́ljíọ̀mù

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi. Ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ kan kiri nínú, bí ẹni tó jẹ ẹ̀wà tí kò jinná. Ìyàwó mi ò mọ̀. Ìyá mi kú, kò mọ̀. Mò ń sọ ọ́ lónìí nítorí pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tí mo ṣẹ̀ wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Westfield, nílùú Serrekunda, ó mu omi mi, ó sì bẹ̀ mí ní ohun kan.

Ọmọ Yorùbá ni mí, ṣùgbọ́n Serrekunda, ní orílẹ̀-èdè Gambia, ni mo dàgbà sí. Àwọn òbí mi ń ta bàtà níbẹ̀. Èmi ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwa méjì la jọ ń gbá iwájú nínú ẹgbẹ́ wa, èmi àti Àbíbù.

Ọmọ Áku ni Àbíbù, àwọn ará Banjul tí baba ńlá wọn ti Freetown wá. Ìyá rẹ̀ àgbà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí mo bá wọlé, "Kúṣẹ́ o" ló máa fi kí mi, yóò sì gbé àkàrà síwájú mi. Àkàrà ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wọn náà. Mo jẹ àkàrà ilé yẹn títí ìyá mi fi bi mí bóyá mo ti pààrọ̀ òbí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ẹsẹ̀ mi dáa. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ lófurufú, ojú ni mo máa ń dì. Àbíbù ni ẹni tó ń fò. Bó bá fò, ẹ ó rò pé ó ti gbàgbé láti sọ̀ kalẹ̀.

Lákòókò òjò, tí a bá ń gbá náwétáànù, ìyẹn ìdíje àdúgbò sí àdúgbò, Bùrọ̀dá Kàmórù máa ń gbé kámẹ́rà rẹ̀ wá. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, fídíò ìgbéyàwó àti ìkómọ ló fi ń jẹun. Bọ́ọ̀lù wa, ìgbádùn ara rẹ̀ ló fi ń yà.

Ọkùnrin kan tó ń bá àwọn ẹgbẹ́ òkè òkun wá agbábọ́ọ̀lù wá sọ fún mi pé kí n fi fídíò ránṣẹ́. Ó ní ẹgbẹ́ kan ní Bẹ́ljíọ̀mù ń wá ẹni iwájú tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi orí kàn án. Ẹnì kan péré.

Mo mọ ẹni tí wọ́n ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò sọ fún Àbíbù.

Mo lọ bá Bùrọ̀dá Kàmórù. A wo gbogbo góòlù mi. Mẹ́ta ni, pẹnárítì sì ni méjì nínú wọn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ti Àbíbù kún un."

Ó wò mí. "Ṣé Àbíbù mọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, àwa méjèèjì la ga, àwa méjèèjì la fárí, nọ́ńbà sì ti bó lẹ́yìn jẹ́sì wa. Ta ló máa mọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Lójú òyìnbó, ọ̀kan náà ni yín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wo ibí."

Ó yí fídíò náà sẹ́yìn. Nígbàkígbà tí Àbíbù bá fi orí kàn án wọlé, yóò sáré wá síwájú kámẹ́rà, ẹnì kan yóò sì fò mọ́ ọn lẹ́yìn. Èmi ni. Ojú wa méjèèjì hàn kedere. Mo yanu bí ọmọ tí wọ́n fún ní itan adìyẹ.

"O ò lè jẹ́ ẹni tó gbá a, kó o tún jẹ́ ẹni tó ń gùn ún lẹ́yìn," ni Bùrọ̀dá wí. Ló bá gé gbogbo wọn níbi tí bọ́ọ̀lù ti wọ àwọ̀n.

Wọ́n pè mí. Ìyá mi kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó ní orí mi ló bá mi ṣe é. Àbíbù fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí mi dé pápákọ̀ òfurufú. Ó ní, "Má gbá gbogbo góòlù ibẹ̀ tán kí n tó dé o."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kóòṣì gbá bọ́ọ̀lù sókè sí mi. Imú ni mo fi gbà á. Ó bi mí pé, níbo ni ọkùnrin inú fídíò wà? Mo ní òtútù ló fà á. Ẹ má rẹ́rìn-ín, oṣù kẹjọ ni, oòrùn ń ràn.

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì nìyí, ó sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo pe Àbíbù sórí fóònù ilé ìyá rẹ̀ àgbà. Mo ní kóòṣì fẹ́ kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi orí kàn án. Inú rẹ̀ dùn!

"Má wo bọ́ọ̀lù," ló wí. "Wo ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ gbá a. Fò kí àwọn tó kù tó rántí láti fò. Ṣé o ti fò?"

Mo fò nínú àpótí tẹlifóònù ẹ̀bá títì. Obìnrin òyìnbó kan tó ń fa ajá rẹ̀ bọ̀ sáré bọ́ sí òdìkejì.

"Tún fò, òmùgọ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ níbí, o ti pẹ́ jù."

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń kọ́ mi. Kí ọdún tó yí po, mo ti di ọkùnrin inú fídíò lóòótọ́. Mo gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ títí eékún mi fi kọ̀, mo sì padà wálé wá ta bàtà bí àwọn òbí mi. Àbíbù kò rí ẹni tó pè é. Ó di wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ní Kanifing. Bí mo bá ń sọ ìtàn Bẹ́ljíọ̀mù níbi tí a ti ń ṣeré, á ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ!" Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní wọ́n ti mú ọmọbìnrin òun sínú ẹgbẹ́ tó fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Dakar. Iwájú ló ń gbá.

"Ọmọ yìí ò gbà pé mo gbá bọ́ọ̀lù rí," ló wí. "Ó ní bí gbogbo bàbá ṣe máa ń parọ́ nìyẹn. Mi ò sì ní fọ́tò kan ṣoṣo. Ṣé bùrọ̀dá yín yẹn ò fi fídíò kankan sílẹ̀?"

Mo ní màá wò ó.

Kí ni mo fẹ́ wò? Ọwọ́ mi ló wà. Kí Bùrọ̀dá Kàmórù tó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó gbé kásẹ́ẹ̀tì tí kò gé fún mi nínú ọ̀rá. Ó ní, "Ọjọ́ tó o bá dàgbà, wàá nílò rẹ̀." Kò sí ibòmíràn láyé tí góòlù Àbíbù wà.

Mo ti ní kí wọ́n dà á sórí díìsìkì. Lánàá mo wò ó látòkèdélẹ̀. Àbíbù fò, bọ́ọ̀lù wọlé, fídíò ò sì dúró. Mo rí ara mi tí mo sáré dé, tí mo gùn ún lẹ́yìn. Inú ọmọkùnrin yẹn dùn sí góòlù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ju ti ara rẹ̀ lọ. Kò tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì rò pé mo ṣì lè lé e bá.

Lọ́jọ́ Àìkú ni wọ́n ń retí mi nílé Àbíbù, kí ọmọ náà tó rìnrìn àjò. Ààtáyà á wà lórí iná. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ tíì ibí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń bù ú: ti àkọ́kọ́ korò bí ewúro, ti ìkẹta dùn bí oyin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n jẹ́wọ́ nígbà tí ife ṣì korò, kí n tó tan fídíò? Àbí kí ọmọ kọ́kọ́ rí bàbá rẹ̀ lófurufú, kí n wá sọ ọ́ nígbà ìkẹta?

Ó lè lé mi jáde. Ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n díìsìkì yẹn ò ní bá mi jáde.