Ẹ Má Fi Ẹ̀bà Nu Bátìrì

Omi bátìrì ni mo lọ rà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ojú Ọrẹ, tí mo bá tọkọtaya kan tó ń jiyàn lórí bátìrì tí wọ́n fẹ́ gbé sínú ọkọ̀ onígbòkun wọn tó wà ní ọ̀sà Àgbádárìgì.

"Ti tírélà yìí ni ká rà," ni ọkọ wí. "Ohun tó ń jí tírélà, ṣé gílóòbù mẹ́ta àti fáànù kan ló máa dá a lágara?"

"Àlàájì, irú ẹ̀ náà lẹ rà nígbà Iléyá. Ká tó jẹun tán, iná kú, fáànù dúró, àwọn ẹ̀fọn wá fi èmi ṣe ẹran Iléyá tiwọn. Tẹ́ ẹ bá tún rà á, mi ò bá yín wọ ọkọ̀ yẹn mọ́."

"Ó dáa, ìyàwó mi ẹnjiníà, ṣàlàyé."

"Àwo òjé inú ẹ̀ tínrín. Ó ń tú agbára jáde lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹ́ńjìnnì lè jí, ó tán. Ti ínfátà yìí, àwo ẹ̀ nípọn, òun ló lè tanná pẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti ku ìdajì, ẹ pa iná títí sólà á fi tún kún un. Bátìrì kì í ṣe ọbẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹ̀bà nu ìkòkò ẹ̀!"

Díẹ̀ ló kù kí n pàtẹ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́ yé àwọn ará ilé mi!

Ọkọ họrí. "Èmi tí mo fẹ́ràn ìsàlẹ̀ ìkòkò, ta ló máa sọ fún mi pé ó ti ku ìdajì?"

"Èmi ni. Ṣé ẹ rò pé màá jẹ́ kẹ́ ẹ dá lọ ni?"

Ọkọ kò tiẹ̀ dúró de alábàárù. Ó gbá bátìrì ínfátà náà mọ́yà bí ọmọ tuntun.